Ẹgbẹ́ Moyọ̀

Mo kọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin kan bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà, nítorí èyí ni wọ́n sì ṣe mú un kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Ọmọ náà ń jẹ́ Moyọ̀. Èmi ni ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí nígbà náà.

Nínú ìwé tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́, orúkọ tí wọ́n fún iṣẹ́ náà gùn tó odindi ìlà kan: Alábàáṣe Ìdàgbàsókè Ìgbà Èwe Onípò Àfidípò. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú ìwé náà wá láti Ilé-iṣẹ́ Eré, Àlàmú lorúkọ rẹ̀, pé kí ni mo fẹ́ máa ṣe gan-an. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀ mìíràn jọ. Mo ní kó dúró ná, kó sọ ọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa sọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ óò máa bá ọmọ ṣeré, Ìyá."

Mo ní kó fún mi ní bírò kí n fọwọ́ sí i.

Ẹ̀rọ omi ni mo tún ṣe fún ọgbọ̀n ọdún kó tó di pé àwọn ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara wọn ṣe. Mi ò lọ sílé-ìwé. Ara ìwé tí wọ́n máa ń dì mọ́ ẹ̀rọ nínú páálí ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, bóyá ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tí kò bá sọ ibi tí wọ́n ti ń tú nọ́ọ̀tì. Ọmọ-iṣẹ́ méjìdínlógún ló kọ́ṣẹ́ parí lọ́wọ́ mi. Títí di òní, bí wọ́n bá rí mi lójú títì, àwọn ọkùnrin inú wọn á dọ̀bálẹ̀, ìbáà jẹ́ aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀.

Ní Òkè-Ayán, Moyọ̀ nìkan ni ọmọ tó kù tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà. Igba ọmọ ni wọ́n kọ́ ilé jẹ́lé-ó-sinmi wa fún láyé àwọn ìyá wa. Igba ìkọ́ ló wà lára ògiri tí wọ́n ń gbé báàgì kọ́, àwòrán ẹranko sì wà lókè ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ọmọ lè mọ tirẹ̀. Báàgì kan ṣoṣo ló ṣì so rọ̀ níbẹ̀, ti Moyọ̀, lábẹ́ ọ̀kẹ́rẹ́. Àwọn ọmọ méjì tí nọ́ọ̀sì ìlú wa bí ló bá a ṣeré kẹ́yìn, àwọn òbí wọn sì ti kó wọn lọ sí ìlú ńlá.

Òfin Ẹgbẹ́ ní ọmọ kan kò gbọdọ̀ dàgbà láìní ẹgbẹ́. Mi ò bá òfin yẹn jà. Mo ti rí àwọn tó dàgbà láàárín àgbà nìkan: wọ́n mọ gbogbo nǹkan, àfi bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn jà kí wọ́n sì parí rẹ̀.

Ẹ̀rọ ni ìjọba kọ́kọ́ gbé wá, nígbà tí àwọn ọmọ nọ́ọ̀sì ṣì wà. Ó ga tó ọmọ ọdún márùn-ún, rọ́bà ni awọ rẹ̀, ẹ̀rín sì ni ní gbogbo ìgbà. Bí ọmọ bá já nǹkan mọ́ ọn lọ́wọ́, á ní, "Gbà á." Bí wọ́n bá tì í ṣubú, á ní, "Gbà á." Àwọn ọmọ nọ́ọ̀sì sọ ọ́ ní Gbàá. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹnikẹ́ni kò fi wo ìhà ibi tó wà mọ́. Ta ló fẹ́ bá ẹni tí kì í bínú ṣeré? Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n tì í mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn àgbàlagbà bíi tèmi.

Wọ́n fún mi ní okùn ọwọ́ kan. Bí mo bá wọ̀ ọ́ tí iná rẹ̀ tàn bí ewé tútù, èmi kì í ṣe àgbà mọ́. Moyọ̀ á máa pè mí lórúkọ. Kò ní kúnlẹ̀ fún mi. Mi ò gbọdọ̀ rán an níṣẹ́, mi ò gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó borí mi. Bó bá já nǹkan gbà lọ́wọ́ mi, kí n já a padà. Bí mo bá bínú, kí n bínú bí ọmọdé, kí n sì tètè gbàgbé.

Ogójì iná kéékèèké wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn. Ojú, ẹ̀rọ tó wà lókè àjà, ló ń tàn wọ́n. Ohun kan ṣoṣo ni Ojú ń wò: ṣé ọmọ fúnra rẹ̀ ló wá fi eré lọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lónìí? Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo ogójì á tàn. Ọjọ́ ilé-ìwé tí kò bá ṣe é, ọ̀kan á kú. Bí gbogbo wọn bá kú tán, ó túmọ̀ sí pé ọmọ náà kò ní ẹgbẹ́. Wọ́n á wá gbé e lọ sí Ilé Ọ̀pọ̀ Ọmọ ní ìlú ńlá, níbi tí àwọn ọmọ bíi tirẹ̀ wà, á sì wà níbẹ̀ títí yóò fi pé ọdún méje.

Títílọlá, ìyá Moyọ̀, kò lè bá a lọ. Òun ló ń tọ́jú àwọn àwo oòrùn tó ń fún wa níná lẹ́yìn ìlú. Bàbá ọmọ ti kú. Ìyá tó bí Títílọlá sì ti wà lórí ẹní fún ọdún mẹ́ta, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò gbé e mọ́, ó sì ti sọ pé òun kò ní kú sí ìlú onílùú. Nítorí náà, iná ogójì yẹn ló so ọmọ mọ́ ìyá. Bí Títílọlá bá wá mú un lọ́sàn-án, ara ògiri ló kọ́kọ́ ń wò kó tó wo ojú ọmọ rẹ̀.

Ní oṣù àkọ́kọ́, ó ṣòro fún mi. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sẹ́ni tó tún pè mí ní Ràfátù lásán. Ọmọ yìí kò tiẹ̀ pè é tán. "Ràfá!" ló ń pè mí, láti ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú gbogbo ohùn tó wà lọ́fun rẹ̀. Ìgbà mìíràn wà tí mo máa ń wẹ̀yìn bóyá ẹnìkan gbọ́.

Ìtàn iṣẹ́ mi tí mo sọ fún un ló di eré rẹ̀. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ tó wà nínú ọgbà. Ike ìpọnmi ni ẹ̀rọ, kóró àgbálùmọ̀ ni nọ́ọ̀tì, igi tí orí rẹ̀ pín sí méjì ni sípánà. Òun ni ọ̀gá, èmi ni ọmọ-iṣẹ́. Ọ̀gá burúkú ni. Á rán mi lọ mú sípánà, kí n tó dé á ti yí i padà sí òmíràn, á wá bi mí bóyá etí mi ti di. Bí mo bá ní rárá, àá jà. Ọjọ́ kan wà tó bínú sí mi láti àárọ̀ di ìgbà oúnjẹ, ó wá fún mi ní ààbọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ láìsọ ohunkóhun. Inú mi dùn sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ju bí ó ṣe yẹ lọ. Fún oṣù mẹ́jọ, iná kan kò kú lára ògiri.

Lásìkò yẹn ni ọmọ mi, Gàníyù, rí ìyàwó. Bọ́láńlé ni, ọmọ Alàájà Múnírátù, ìdílé ńlá. Wọ́n bi Gàníyù pé iṣẹ́ wo ni ìyá rẹ̀ ń ṣe. Ó wá bi mí pé kí lòun máa sọ. Èmi ni mo ní kó sọ pé ọ̀gá tíṣà ni mí. Irọ́ náà kò tó nǹkan lójú mi nígbà yẹn.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá kí mi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ti dé. Ará ilé mi kan, tó rò pé òun ń ṣe mí lóore, ló mú wọn wá sí ilé-ìwé.

Lọ́jọ́ náà mo sọ nọ́ọ̀tì ọ̀gá mi nù. Kóró náà bọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀, a wá a tì. Moyọ̀ ní ìyà tọ́ sí mi. Mo ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ irú ìyà tí mo máa ń fi jẹ àwọn ọmọ-iṣẹ́ mi, òun náà sì mọ̀ ọ́n dunjú: kí n kúnlẹ̀, kí n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kí n dijú. Ipò tí mo wà nìyẹn nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnìkan wú ikọ́ lẹ́yìn wáyà ọgbà. Mo lajú. Alàájà Múnírátù ló dúró níbẹ̀ pẹ̀lú obìnrin méjì. Bọ́láńlé wà lẹ́yìn wọn, ilẹ̀ ló ń wò.

Mo rọra ní, "Moyọ̀, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n dìde."

"Rárá," ló wí. "Ìyà ẹ ò tíì tán, Ràfá."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà fi etí gèlè bo ẹnu. Alàájà kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ó ti yẹ kí èèyàn kí àna, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. A ò mọ̀ pé ẹnu ìkọ́ṣẹ́ lẹ ṣì wà."

Mo já okùn ọwọ́ kúrò. Mo dìde, mo gbọn iyẹ̀pẹ̀ nù lórúnkún, mo mú wọn lọ sílé, mo fún wọn ní omi àti àkàrà. Alàájà kò tún mẹ́nu ba ohun tó rí. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́wọ̀ nínú títí wọ́n fi lọ, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Nígbà tó yá Gàníyù pè mí. Ó ní wọ́n béèrè bóyá ara mi yá. Ó ní òun ti sọ pé eré ni. Wọ́n bi í pé eré wo ni àgbàlagbà ń bá ọmọ ọwọ́ ṣe tí ọmọ fi ń jẹ ẹ́ níyà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dé ilé-ìwé ṣáájú Moyọ̀. Mi ò wọ okùn ọwọ́. Nígbà tó dé tó pariwo orúkọ mi, mo pè é, mo mú un jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga kéékèèké yẹn. Mo sọ fún un pé àgbà ni mí. Mo sọ fún un pé ọmọ kì í pe àgbà lórúkọ. Mo fi hàn án bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì, ojú nílẹ̀. Ó ń wò mí bíi pé eré tuntun ni. Kó má bàa rò pé eré ni, mo fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Mo ní bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn á máa fi ìyá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò kọ́ ọmọ.

Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ọmọ tí orí rẹ̀ pé ni.

Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá." Mi ò ní purọ́, ó dùn mọ́ mi. Ó wọ̀ mí lára bí omi tútù.

Nígbà tí Títílọlá wá mú un lọ́sàn-án, Moyọ̀ kúnlẹ̀ dágbére fún mi. Títílọlá dúró sójú kan. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ òun lọ́kàn tipẹ́, pé ojú máa ń ti òun bí ọmọ òun bá ń pariwo orúkọ mi, àmọ́ òun rò pé òfin kò gbà kí òun sọ̀rọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sì yìn ín débi pé ó gbàgbé láti wo ògiri. Èmi wò ó. Iná kan ti kú.

Ní ọjọ́ kejì mo wọ okùn ọwọ́, mo ní ká ṣí ṣọ́ọ̀bù. Moyọ̀ kó àwọn kóró rẹ̀ wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé wọn fún mi. Mo ní òun ni ọ̀gá. Ó ní kí Màmá jẹ́ ọ̀gá. Mo jẹ́ ọ̀gá, eré náà sì kú kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́ta, nítorí ẹni tó ti ṣe ọ̀gá ní tòótọ́ fún ọgbọ̀n ọdún kò ní ohun tó fẹ́ fi ìyẹn ṣe. Mo já sípánà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kó lè bínú. Ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó jókòó, ó káwọ́ lé itan, ó ń dúró de ohun tí mo bá tún fẹ́. Ọmọ tí mo mọ̀ ti di Gbàá.

Ọjọ́ kẹta ni mo ti mọ ohun tí mo ṣe.

Ohun tó yẹ kí n ṣe kò ṣòro. Fọ́ọ̀mù kan wà. Bí iná tó kú kò bá tíì pé ogún, ẹgbẹ́ lè ní kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò òun. Wọ́n á mú ẹnìkan wá láti ìlú mìíràn, ẹni tí Moyọ̀ kò mọ̀ ní Màmá, ogójì iná á sì tàn padà. Ìlà kan ni fọ́ọ̀mù náà béèrè: kí ló bà á jẹ́? Ìdáhùn yẹn ni wọ́n máa ń gbé sójú pátákó ìlú, nítorí òfin ní kí ohun gbogbo tó bá kan ọmọ hàn sí gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá tẹ orúkọ mi, á kà á pé èmi kì í ṣe tíṣà, pé eré ni wọ́n gbà mí fún, pé ojú tì mí, mo sì ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Alàájà mọ̀wé.

Ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mo ní kó kọ́kọ́ kọjá ná.

Mo rò pé kí n tó kọ fọ́ọ̀mù náà, màá lè fi ọwọ́ ara mi tún un ṣe. Irú ohun tí mò ń ṣe láyé mi nìyẹn, mo ń tú nǹkan, mo ń tò ó padà. Mo sọ fún Moyọ̀ pé ohun tí mo kọ́ ọ, ilé nìkan ló wà fún, pé níhìn-ín kó máa pè mí ní Ràfá. Ó mi orí. Ó gbà, àmọ́ kò pè é. Mo gbá bọ́ọ̀lù sí i, ó gbé e padà fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Lọ́jọ́ kan mo lọ kúnlẹ̀ fúnra mi sábẹ́ igi àgbálùmọ̀, mo gbé ọwọ́ sókè, mo dijú, mo sì ń retí ohùn ọ̀gá mi. Ẹkún ni mo gbọ́. Nígbà tí mo lajú, Moyọ̀ ti kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ náà sókè. Ó rò pé òun ti ṣẹ̀ ni àgbà fi ń kúnlẹ̀ fún òun.

Iná tó pé ogún kú. Mo wò ó tó kú. Mo lọ sílé, mo lọ wọn aṣọ ìgbéyàwó wò.

Ìgbéyàwó náà dára. Títílọlá fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ sọ́wọ́ aládùúgbò, ó wá bá mi gbé omi láti òwúrọ̀ títí wọ́n fi jẹun tán. Alàájà pè mí ní ọ̀gá tíṣà níwájú gbogbo èèyàn. Nígbà tí mo padà sílé-ìwé ní ọjọ́ Ajé, iná méjìlá ló kù.

Ìgbà tó ku mẹ́sàn-án ni òjò ńlá kan rọ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wọ inú bàsíà tí a fi ń fọwọ́. Moyọ̀ ló rí i. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń sáré bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, eré tí kò sá mọ́ láti ọjọ́ tí mo kọ́ ọ ní kíkúnlẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní, "Rà..." Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀pọ̀lọ́ wà nínú bàsíà."

Mo bá a kúnlẹ̀ kí ojú wa lè ṣe déédéé. Mo ní kó pe ohun tó fẹ́ pè. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ìdajì rẹ̀ ti jáde, kó pè é tán, ká jọ lọ mú ọ̀pọ̀lọ́ náà.

Ó mi orí. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

"Wọ́n á fi ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́," ló wí.

Lọ́jọ́ tó ku mẹ́fà, Àlàmú wá fún àyẹ̀wò oṣooṣù rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti ọ̀dọ̀ Alàájà títí dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀lọ́. Ó wá ní ogún iná ni òfin sọ, pé fọ́ọ̀mù náà ti pa ara rẹ̀ dé. Mo ní ṣebí ó mọ ọ̀rọ̀ púpọ̀, kó lò ó lónìí, kó kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ó kọ ọ́ lójú mi. Lẹ́tà tó dára ni. Èsì dé nígbà tó ku mẹ́ta. Ìlà mẹ́jọ ni, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Rárá ni gbogbo rẹ̀ túmọ̀ sí.

Mo lọ sílé Títílọlá. Ó ń yí ìyá rẹ̀ padà lórí ẹní kó lè fọ ẹ̀yìn rẹ̀. Mo bá a di èjìká ìyá náà mú, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un tààrà, nítorí mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́. Ó fọ ẹ̀yìn náà tán. Ó nù ún. Ó fún tówẹ̀lì, ó sá a.

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀, Màmá?"

Mo ní láti ọjọ́ kẹta.

Mo rí i tó ń ṣírò rẹ̀.

"Mo bá yín gbé omi lọ́jọ́ ìgbéyàwó yẹn," ló wí.

Kò bú mi. Ọjọ́ mẹ́ta tó kù, ó gba àyè níbi iṣẹ́, ó bá wa jókòó sílé-ìwé. Ó sọ fún Moyọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, kó máa pè mí bó ṣe ń pè mí tẹ́lẹ̀. Moyọ̀ wo ìyá rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ràfátù," bí ẹni tí wọ́n ní kó ka ohun tí wọ́n kọ sójú pátákó. Ojú kò tan iná kankan. Kì í ṣe orúkọ ló ń wò, eré ni, a sì ti ń bẹ̀ ẹ́ jù kó tó lè jẹ́ eré.

Ọkọ̀ náà dé ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú. Kò ní awakọ̀, obìnrin kan ló wà nínú rẹ̀, ó wọ aṣọ Ilé Ọ̀pọ̀ Ọmọ. Ó ṣe jẹ́jẹ́, mi ò rí ẹ̀sùn fi kàn án. Títílọlá gbé báàgì kúrò lábẹ́ ọ̀kẹ́rẹ́, ó gbé e kọ́ ọmọ rẹ̀ léjìká. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, Moyọ̀ kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì, ojú nílẹ̀, ó ní ó dàbọ̀, Màmá. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ nìyí, pé èèyàn kì í sábà rí irú rẹ̀ mọ́.

Mo kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé náà, wọ́n sì gbé e sójú pátákó ìlú. Alàájà kà á. Bọ́láńlé kò fi ọmọ mi sílẹ̀ nítorí ẹ̀. Alàájà tiẹ̀ pè mí, ó ní kí ló dé tí mi ò sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀, pé iṣẹ́ tó níyì ni.

Wákàtí kan ni Ilé Ọ̀pọ̀ Ọmọ ń fún òbí lóṣù. Wákàtí márùn-ún ni ìrìn náà lálọ, wákàtí márùn-ún lábọ̀. Ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, èmi ni mò ń lọ dúró ti ìyá Títílọlá kó lè lọ. Òun kọ́ ló bẹ̀ mí, èmi ni mo ní kó jẹ́ kí n máa ṣe é, ó sì gbà nítorí kò rí ẹlòmíràn tó lè dúró fún odindi ọjọ́. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ láàárín wa. Nígbà tó ti ìrìn kẹta dé, ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé, kò wọlé. Mo bi í bóyá ara ọmọ le.

Ó ní ara rẹ̀ le. Ó ní ó sanra. Ó bá a láàárín ọmọ mọ́kànlá, wọ́n ń gbẹ́ kòtò kan tí wọ́n fẹ́ da omi sí, iyẹ̀pẹ̀ dé irun orí rẹ̀, ó ń pariwo lé wọn lórí, àwọn náà ń pariwo lé e lórí. Nígbà tó rí ìyá rẹ̀, ó juwọ́ sí i. Ó ní kó jọ̀ọ́ dúró, òun ń bọ̀, ó kù díẹ̀ kí àwọn parí rẹ̀. Títílọlá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Inú òun dùn, ó ní, òun kò fẹ́ kó jẹ́ òun ló máa dá eré náà dúró. Kòtò ń ya, wọ́n ń tún un gbẹ́. Lẹ́yìn náà agogo lù, obìnrin kan sì wá sọ fún un pẹ̀lú sùúrù pé àkókò ti pé. Wákàtí kan tó ní nínú oṣù yẹn, orí bẹ́ǹṣì ló ti lò ó tán, kò sì fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀.